Igi Kan Láti Amsterdam: Bí Kọfí Ṣe Kúrò Nínú Igbó Káfà

Ní ọdún 1706, igi kọfí kan tó ṣì wà láàyè dé Amsterdam láti erékùṣù Java. Wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ewéko ìlú náà, wọ́n fi í sínú ilé onígíláàsì tí wọ́n ń fi iná mú móoru nígbà òtútù, wọ́n sì ń kẹ́ ẹ bí àbíkú tí ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kó lọ. Igi náà gbà láti dúró. Ó yọ òdòdó, ó so, wọ́n gbin hóró rẹ̀. Kí ọdún 1730 tó dé, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ti wà ní Paris, ní Suriname, ní Martinique àti ní Bràsíìlì.

Àgbẹ̀ kòkó Ìdànrè tó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò mi orí, kì í ṣe ti ìyanu nìkan. Yóò béèrè pé bí àrùn bá wá tí agbára baba ńlá wọn kò ká, kí ni àwọn ọmọ yóò fi gbà á? Ó tó ọgọ́jọ ọdún kí àwọn oníṣòwò kọfí tó bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn, ìgbà tí wọ́n sì máa bi í, ilé ti ń jó.

Ibi tí igi yẹn ti ṣẹ̀ wá kò jọ ilé onígíláàsì rárá. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Etiópíà, ní Káfà, ní Jímà, ní Ilubabor, igbó olójò ń bẹ lórí òkè, ní nǹkan bíi mítà 1,000 sí 2,000 sókè ju ìpele òkun lọ. Abẹ́ àwọn igi ńlá ibẹ̀ ni kọfí ń gbé: igi kúkurú tí ewé rẹ̀ ń dán, tó fẹ́ràn ibòòji, tí ẹnikẹ́ni kò gbìn. Ó lalẹ̀ hù ni. Díẹ̀ nínú rẹ̀ wà ní òdìkejì Àfonífojì Ńlá, nínú igbó Harenna ní agbègbè Bale, díẹ̀ sì wà lórí òkè Boma ní Gúúsù Sudan. Ibi tí a ti mọ kọfí yìí, tí a ń pè ní arábíkà, ní igi igbó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Bí èso rẹ̀ bá gbó, á pọ́n yòò. Ara èso náà dùn, hóró méjì tó wà nínú rẹ̀ korò. Ọ̀bọ á já a, á mu adùn ara rẹ̀, á tu hóró sílẹ̀ síbi tó jókòó sí. Àwọn ẹyẹ ìbátan àtíóro, àti ìbátan agbe àti àlùkò, á gbé e mì, wọ́n á fò lọ, wọ́n á sì yà á sábẹ́ igi mìíràn. Ọkọ̀ tí kọfí ní nìyẹn kí ènìyàn tó dá sí ọ̀ràn rẹ̀, ọkọ̀ náà kì í sì í rìn jìnnà. Hóró fúnra rẹ̀ kò lè ní sùúrù. A lè gbé àgbàdo sí àká di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Hóró kọfí kì í gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá gbẹ jù, tàbí tó pẹ́ nílẹ̀ ní oṣù mélòó kan, ó ti kú.

Ohun kejì tó yẹ kí a mọ̀ nípa igi yìí ni pé kì í sábà wá ọkọ tàbí aya níta. Oyin ń bẹ òdòdó rẹ̀ wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú òdòdó kan lè sọ òdòdó náà gan-an di èso, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Igi tó ń fi ara rẹ̀ lóyún, tí hóró rẹ̀ ń bọ́ sí ìtòsí, agbo ilé agbo ilé ni yóò máa gbé. Àwọn tó wà ní àfonífojì kan á jọra wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn òkè á ní ìrísí tiwọn, agbára tiwọn, àìlera tiwọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ jíìnì wọn wò, bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn: kọfí Harenna kò bá ti Káfà dọ́gba, igbó sí igbó ní ìyàtọ̀ tirẹ̀. Ọrọ̀ arábíkà kò sí lára igi kan. Inú ìyàtọ̀ tó wà láàárín igbó kan àti èkejì ló wà.

Ọrọ̀ ọ̀hún kò tilẹ̀ pọ̀ jọjọ láti ilé. Gbogbo arábíkà tó wà láyé jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ ìpàdé kan ṣoṣo láàárín irú kọfí méjì, èyí tí a ń pè ní robusta àti ìbátan rẹ̀ kan, *Coffea eugenioides*. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní krómósómù 22. Ọmọ wọn kó ti àwọn méjèèjì pọ̀, ó di 44. Iye yẹn kò jẹ́ kó rọrùn fún un mọ́ láti bá àwọn ìbátan rẹ̀ lò pọ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2024 fi ìpàdé náà sí ohun tó wà láàárín ọdún 350,000 àti 610,000 sẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo, tó ń bímọ fún ara rẹ̀: nǹkan kékeré yìí ni àwọn ènìyàn tún wá bẹ̀rẹ̀ sí í bù ṣín-ń-ṣín.

Àwọn ará Káfà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ìjọba tiwọn níbẹ̀, tó dúró títí di 1897 tí àwọn ọmọ ogun Menelik Kejì, ọba Etiópíà, fi ṣẹ́gun rẹ̀, tí wọ́n sì mú Gaki Sherocho, ọba wọn tó kẹ́yìn, ní ìgbèkùn. Nínú igbó wọn, wọ́n á ṣán igbó abẹ́ igi, wọ́n á hú ọmọ kọfí tí ọ̀bọ àti ẹyẹ ti gbìn, wọ́n á tún un lọ́ sí ibi tó láyè. Nípa àwọn Oromo, aládùúgbò wọn, James Bruce, ará Scotland tó rìn ní ilẹ̀ náà láti 1769, kọ̀wé pé wọ́n máa ń lọ kọfí pọ̀ mọ́ ọ̀rá, wọ́n á ṣù ú róbótó, wọ́n á sì mú un dání bí wọ́n bá ń lọ sí ìrìn ogun. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ àti arìnrìn-àjò tí ìwé kò kọ orúkọ wọn, ló gbé hóró náà kọjá ibi tí ẹyẹ lè dé.

Gbogbo ayé ti gbọ́ ti darandaran tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ èso kọfí tí wọ́n sì ń jó. Faustus Nairon, ọ̀mọ̀wé kan ní Róòmù, ló tẹ ìtàn náà sínú ìwé ní 1671, ọgọ́rùn-ún ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n ti ń mu kọfí ní Yẹ́mẹ̀n. Àwọn ewúrẹ́ ti gba òkìkí. Àwọn ẹyẹ tó ṣiṣẹ́ náà kò rí nǹkan kan gbà.

Láti Etiópíà, hóró kọjá Òkun Pupa sí Yẹ́mẹ̀n. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn Mùsùlùmí Súfí ibẹ̀ ti ń mu ún kí oorun má bàa gbé wọn lọ nídìí ìsìn òru. Ní 1511, gómìnà Mẹ́kà, Kha'ir Beg, fòfin dè é. Òfin náà kò pẹ́. Àwọn àgbẹ̀ Yẹ́mẹ̀n gé ara òkè ní ìpele ìpele, wọ́n ń fi omi rin kọfí, èbúté Mọ́kà sì ń ta á fún ayé. Níbí ni ọ̀nà ti kọ́kọ́ fún. Nínú gbogbo igbó tó wà lókè Etiópíà, ìwọ̀nba hóró ló kọjá omi, nínú ìwọ̀nba yẹn ni àwọn àgbẹ̀ sì ti yan èyí tó wù wọ́n. Ìtàn kò sọ iye rẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n jíìnì sọ ọ́: kọfí tí ayé ń gbìn tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti igbó. Nígbà tí Linnaeus fún igi náà lórúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní 1753, ilẹ̀ Lárúbáwá ló kà sí ilé rẹ̀. Igbó Káfà kò tíì sí lójú ìwé.

Àwọn oníṣòwò Yẹ́mẹ̀n mọ ohun tí wọ́n ní. Wọ́n ní wọ́n máa ń yan hóró tàbí kí wọ́n sè é kí wọ́n tó tà á, kó má lè hù lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn Mùsùlùmí Íńdíà sì ń sọ ìtàn Baba Budan, ẹni mímọ́ tó ti Mẹ́kà dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, tó fi hóró méje pamọ́ sára, tó gbìn wọ́n sórí òkè tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní ní Chikmagalur. Bóyá méje ni, bóyá méjìdínlógún ni, kò yí nǹkan padà. Ohun tí ẹnì kan lè fi pamọ́ sára kò lè tó igbó.

Íńdíà yìí kan náà ni àwọn ará Hólàńdì ti kó ọmọ kọfí lọ sí Java ní 1696. Omíyalé gbé wọn lọ. Wọ́n tún kó òmíràn ní 1699, ìyẹn sì yè. Nínú oko rẹ̀ ni igi 1706 ti jáde. Ní 1714, àwọn aláṣẹ Amsterdam fi ọmọ rẹ̀ kan ta Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, lọ́rẹ, wọ́n sì gbé e sí ọgbà ọba ní Paris. Àwọn Faransé kò dúró lórí ìyẹn nìkan. Láàárín 1715 àti 1718, wọ́n lọ gba igi mìíràn ní Yẹ́mẹ̀n fúnra wọn, wọ́n kó o lọ sí erékùṣù Bourbon, tí à ń pè ní Réunion báyìí. Ìdílé méjì yìí, ti Amsterdam àti ti Bourbon, ló gbòòrò di èyí tó pọ̀ jù nínú arábíkà tó wà lóko ní Amẹ́ríkà. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n.

Ibi tí àwọn òǹkọ̀wé Faransé ti ń pohùn dà nínú ìtàn yìí ni ti Gabriel de Clieu, ọmọ ogun ojú omi tó gbé ọmọ kọfí lọ sí Martinique ní nǹkan bí ọdún 1723. Nínú lẹ́tà tó kọ nígbà ogbó rẹ̀, ó ní omi wọ́n nínú ọkọ̀ débi pé òun ń bu ìpín tòun fún igi náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ẹni tó sọ ọ́ náà ló ṣe é, kò sì sí ẹlẹ́rìí. Ní 1727, Francisco de Melo Palheta, ọ̀gágun Potogí, lọ sí Cayenne fún ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀, ó sì mú hóró bọ̀ wá sí Pará ní Bràsíìlì. Wọ́n ní ìyàwó gómìnà ló fi í pamọ́ sínú òdòdó fún un. Ẹ jẹ́ ká gbádùn ìtàn náà bó ṣe wà.

Ṣùgbọ́n akọni inú ọkọ̀ kọ́ ló gbin oko kọfí ayé. Ẹrú ni. Ní òpin àwọn ọdún 1780, Saint-Domingue, tó di Haiti lẹ́yìnwá, ló ń pèsè nǹkan bí ìdajì kọfí tó wà lọ́jà ayé, pẹ̀lú agbára àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú. Nígbà tí àwọn ẹrú ibẹ̀ dìde ní 1791, àwọn olóko kan sá lọ sí Kúbà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ oko tuntun. Ibẹ̀ ni àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí ti bá kọfí pàdé, bí ogun abẹ́lé tó fọ́ Ọ̀yọ́ ṣe ń tì wọ́n sí etí òkun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1833, ní oko kọfí Salvador ní Banes, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Havana, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn dìde ìjà. Púpọ̀ wọn kò tíì pẹ́ ní Kúbà rárá. Ìbọn ni wọ́n fi dá wọn lóhùn. Nínú ìtàn ọ̀nà tí kọfí gbà dé Amẹ́ríkà, ó yẹ kí orí ìwé tiwọn gùn ju ti ife omi de Clieu lọ.

Títí di àkókò yẹn, igi tí wọ́n jọra wọn ti ń jẹ àǹfààní kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí: kòkòrò àti àrùn tó mọ kọfí láti ilé kò bá wọn wọkọ̀. Àǹfààní náà tán ní 1869. Ní Ceylon, tó ń jẹ́ Sri Lanka lónìí, àmì aláwọ̀ ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lábẹ́ ewé kọfí, eruku rẹ̀ ń ta sọ́wọ́. Àrùn ìdípẹtà ni, fọ́ńgọ̀sì tí wọ́n sọ ní *Hemileia vastatrix* ní ọdún yẹn kan náà. Ceylon wà lára àwọn tó ń ta kọfí jù láyé nígbà náà, òkè tó tẹ̀ lé òkè ni wọ́n sì gbìn ín sí, láìfi igbó pààlà sáàárín rẹ̀. Ewé igi kan rẹ̀, ti èkejì rẹ̀. Ohun tó pa ọ̀kan ló pa gbogbo wọn. Àwọn olóko kọ́kọ́ ní ojú ọjọ́ ni. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún, òwò kọfí Ceylon ti wó, tíì ti gba ilẹ̀ náà.

Java náà jìyà. Ní nǹkan bí 1900, wọ́n ránṣẹ́ sí Áfíríkà fún ìrànlọ́wọ́: robusta dé láti Kóńgò, ó sì ta àrùn náà dà nù. Robusta kì í fi ara rẹ̀ lóyún. Ó gbọ́dọ̀ gba lẹ́búlẹ́bú lọ́dọ̀ igi mìíràn, nítorí náà àwọn ọmọ rẹ̀ kì í jọra. Ní erékùṣù Timor, ní 1927, wọ́n rí igi kan tí ènìyàn kò lọ́wọ́ nínú ìbí rẹ̀, ọmọ tí arábíkà bí fún robusta, tó ní krómósómù 44 bíi ti ìyá rẹ̀, tí ìdípẹtà kò sì lè fọwọ́ kàn. Ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Oeiras ní ilẹ̀ Potogí ní 1955 mú un, wọ́n sì fi í bí oríṣiríṣi irú tó lágbára. Ó dára tí wọ́n tètè ṣe é, torí ní 1970 ìdípẹtà dé Bràsíìlì, Bahia ló sì ti kọ́kọ́ hàn.

Wọ́n wá rántí ilé baba igi náà. Ní 1964, àjọ oúnjẹ àti ọ̀gbìn ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, FAO, rán àwọn onímọ̀ lọ sí Etiópíà láti ṣa hóró láti igbó dé igbó, oko dé oko. Hóró tó ń tètè kú yẹn kò ṣeé kó sínú fìríìjì bíi ti ìrẹsì, nítorí náà ńṣe ni wọ́n gbìn ín: ní Costa Rica, ní Íńdíà, ní Tanzania. Ní 1966, àwọn Faransé náà lọ ṣa tiwọn. Láti ìgbà yẹn, igi igbó Etiópíà di ohun tí gbogbo ènìyàn ń wá.

Ẹ̀bùn tó tètè hàn jù hàn ní Etiópíà fúnra rẹ̀. Ní 1971, àrùn kan tó ń sọ èso kọfí di dúdú kó tó pọ́n, tí Kẹ́ńyà ti mọ̀ láti 1922, wọlé síbẹ̀. Ó ba oko jẹ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí Jímà rí ohun tí àwọn olóko Ceylon kò lè rí láé: nínú oko kan náà, igi kan ti pàdánù gbogbo èso rẹ̀, èyí tó wà nítòsí rẹ̀ ń so bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Wọ́n sàmì sí àwọn tó dúró, wọ́n ṣa hóró wọn, wọ́n dán wọn wò. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, wọ́n ti ń pín irú tó borí àrùn náà fún àgbẹ̀. Wọn kò dá nǹkan tuntun. Wọ́n yàn nínú ohun tí igbó ti ní.

Ẹ̀bùn mìíràn gba ọ̀nà jíjìn. Hóró tí wọ́n ṣa ní ìhà Gesha ní Etiópíà ní àwọn ọdún 1930 kọjá Kẹ́ńyà àti Tanzania, ó dé Costa Rica ní 1953, láti ibẹ̀ ó bọ́ sí Panamá. Kò so púpọ̀, àwọn àgbẹ̀ kò sì náání rẹ̀. Ní 2004, oko ìdílé kan tó ń jẹ́ Hacienda La Esmeralda gbé e lọ síbi ìdíje, adùn rẹ̀ ya àwọn adájọ́ lẹ́nu, wọ́n sì ra pọ́n-ùn kan rẹ̀ ní dọ́là 21. Láti ìgbà náà, owó rẹ̀ ń lọ sókè ni. Ní ọdún 2004 yìí kan náà, àwọn onímọ̀ Bràsíìlì kéde pé nínú nǹkan bí 3,000 igi tó ti Etiópíà wá, àwọn rí mẹ́ta tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kaféènì rárá. Àwọn ará Etiópíà béèrè pé ta ló ni wọ́n. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ìgbà tí wọ́n ń kó hóró yẹn lọ ní 1964, kò sí àdéhùn àgbáyé kankan lórí rẹ̀. 1992 ni orílẹ̀-èdè tó pọ̀ tó fọwọ́ sí i pé ohun alààyè inú ilẹ̀ wọn, tiwọn ni.

Igbó kọfí Etiópíà ọ̀hún ti dínkù nísinsìnyí. Ilé àti oko ń jẹ ẹ́. Níbi tó ṣẹ́kù, àgbẹ̀ á ṣán igbó abẹ́ rẹ̀ kí kọfí lè so dáadáa, á sì gbin irú tí ìjọba pín sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó lalẹ̀ hù. Oyin á gbé lẹ́búlẹ́bú oko wọ inú ti igbó, ìyàtọ̀ ìdílé á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Àgbẹ̀ kọ́ ló yẹ ká dá lẹ́bi, ó fẹ́ jẹun. UNESCO sọ igbó Káfà àti ti Yayu di ibi ààbò ní 2010. Ní Choche, nítòsí Jímà, oko kan wà tí wọ́n ti gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú kọfí tí wọ́n ṣà káàkiri, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tó rọrùn láti pa wọ́n mọ́ ju kí igi máa dúró lórí ilẹ̀ lọ. Ìwádìí kan ní 2019 ka irú kọfí igbó 124 láyé, ó sì rí i pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú ewu ìparun.

Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà níhìn-ín, robusta ni àwọn àgbẹ̀ Kàbà àti Yàgbà mọ̀ jù, orí òkè Mambilla ni arábíkà ti rí òtútù tó bá a lára mu. Kọfí wà lára iṣẹ́ ilé ìwádìí kòkó, CRIN, ní Ìdí-Ayunrẹ̀ lẹ́bàá Ìbàdàn, láti 1964. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì ní kọfí tirẹ̀ tí ayé gbàgbé. *Coffea stenophylla*, tí èso rẹ̀ máa ń dúdú bó bá pọ́n, wà lóko ní Sierra Leone ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá kí robusta tó lé e jáde. Ní 2018, àwọn onímọ̀ tún rí i nínú igbó níbẹ̀, lẹ́yìn ọdún pípẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i. Wọ́n fún àwọn tó ń tọ́ kọfí wò mu, èsì wọn sì jáde ní 2021: púpọ̀ nínú wọn sọ pé arábíkà ni àwọn ń mu. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tó gbóná ló sì ti ń hù, níbi tí arábíkà kò lè dúró. Wọ́n ti ń gbìn ín ní Sierra Leone láti mọ èyí tó máa so dáadáa nínú wọn.